Òfin Bàlúù Kò Tó Dáàbò Bo Ìtẹ́ Ẹyẹ

Tí ooru bá ti mú ní Houston, etíkun Galveston ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń forí lé, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 80. Láàárín kúlà àti abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù, àwọn kan ń di drone mẹ́rù báyìí. Kò sí ẹ̀bi nínú kí ènìyàn fẹ́ fi àwòrán òkun ránṣẹ́ sílé. Àwọn erékùṣù kéékèèké inú omi Galveston ni ọ̀rọ̀ wà fún, bíi North Deer Island, níbi tí kò sí ilé tàbí ọlọ́pàá, tó jẹ́ ẹyẹ ló ni ín.

Òfin ìjọba wà, dandan sì ni láti pa á mọ́. FAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàlúù ní Amẹ́ríkà, ní kí drone má fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 400, kí ó má kúrò lójú ẹni tó ń darí rẹ̀, kí ẹni tó ń fi ṣeré yege nínú ìdánwò TRUST, kí èyí tó bá wúwo ju gíráàmù 250 sì ní ìforúkọsílẹ̀. Nítòsí pápákọ̀ òfurufú Scholes ní Galveston, àṣẹ ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbé e sókè. Ṣùgbọ́n bàlúù àti ènìyàn ni òfin wọ̀nyí ń ṣọ́. Ẹni tó pa gbogbo wọn mọ́ ṣì lè tú ìtẹ́ ẹyẹ ká.

Lójú ẹyẹ tó ń sàba, ohun tó ń rá bàbà lókè kì í ṣe kámẹ́rà. Àṣá ni. Ìyá á fò dìde, ẹyin á kù sábẹ́ oòrùn Texas, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó láti pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, drone kan já sí ibi tí àwọn ẹyẹ elegant tern yé sí ní Bolsa Chica, California. Wọ́n sá lọ, wọn kò padà, nǹkan bí ẹyin 1,500 sì ṣòfò.

Àwọn kan á ní àwọn onímọ̀ pàápàá ń fi drone ka ẹyẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onímọ̀ mọ àsìkò tí ẹyẹ ń sàba, ó mọ bó ṣe yẹ kí òun jìnnà tó, ẹyẹ náà sì ń jàǹfààní iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni èrè ẹyẹ nínú fídíò ọjọ́ìbí?

Nítorí náà, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹjọ, tí ẹyẹ ń pamọ ní etíkun Texas, kí drone má sún mọ́ erékùṣù ẹyẹ rárá. Níbòmíràn, bí ẹyẹ kan ṣoṣo bá fò dìde nítorí rẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Kí ẹgbẹ́ tó bá háyà oníkámẹ́rà fún àríyá etíkun bá a ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀ kó tó gbowó. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ka drone léèwọ̀ nínú àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀, títí kan Padre Island, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń gbádùn ibẹ̀.

Kí FAA tó dé ni Yorùbá ti ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹyẹ pelican tó ń pamọ ní North Deer lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Texas ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí oògùn kòkòrò DDT sọ èèpo ẹyin rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń fọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lábẹ́. Ọdún 1972 ni wọ́n fòfin de DDT; ọdún 2009 ni wọ́n tó yọ ẹyẹ náà kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu. Ọdún 37 ni àtúnṣe gbà. Bátìrì drone kì í lò tó wákàtí kan, kò sì yẹ kí wọ́n fi í ba iṣẹ́ ọdún 37 jẹ́.