Ẹgbẹ̀rún Kan Lábẹ́ Ibùsùn

Ẹ̀yin ará wa ní òkè Ọya, àwọn kan nínú yín fẹ́ tẹ ìwé ẹ̀rí wọn tàbí ìtàn ìjọ wọn jáde. Bí ẹ bá dé ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á ní kí ẹ tẹ ẹgbẹ̀rún kan, nítorí pé bí ìwé bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ẹyọ kan ń dín kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà.

Wọn kò purọ́ o. Plate ni ẹ̀rọ offset ń lò, owó plate kò sì yí padà, ẹ̀ báà tẹ ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ báà tẹ ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà, èló ni ẹyọ rẹ̀?

Ó ti ṣe mí rí. Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn, mo tẹ ìwé àṣàrò kékeré kan, ẹgbẹ̀rún kan. Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé náà kò ní fọ́ǹtì tí mo fi kọ ọ́, èmi náà kò sì béèrè ẹ̀dà àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Nígbà tí páálí dé, àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà ti pòórá. Ẹsẹ Bíbélì, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ́ tí a fi ń jà, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń bẹ Olúwa kó dárí rẹ̀ jì: “ese” ni gbogbo wọn. Àgbàlagbà lè fi òye gbé e. Ọmọ tí a bí sí Jos, tó ń fi Haúsá ṣeré, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Nítorí ọmọ yẹn gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Páálí mẹ́fà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Màmá mi ní kí n máa fi di ẹ̀pà.

Àwọn kan á ní, “Sísítà, owó á padà níbi ìkójáde ìwé.” Ẹ má bínú, ènìyàn ni wọ́n ń ná owó fún níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí ojú ewé kejì.

Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè wa jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858, pẹ̀lú àmì lórí àti lábẹ́ lẹ́tà. Kí ni àwáwí tiwa lónìí? Ọ̀fẹ́ ni fọ́ǹtì Charis SIL àti Gentium, wọ́n sì gba gbogbo àmì wa. Ẹ fi ìwé yín sí PDF tó gbé fọ́ǹtì náà sínú, kí ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ dígítà, tí kò nílò plate. Bí ẹ ó bá fi wáyà gún un láàárín, kí iye ojú ewé ṣeé fi mẹ́rin pín. Ẹyọ kan á wọ́n jù, mo gbà. Lúùkù orí 14 sọ ti ẹni tó jókòó ṣírò kó tó kọ́ ilé ìṣọ́. Bí a bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni a máa ń rántí rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan ní ìjọ wa bá mi ka ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé tuntun náà sókè. Ó rí àṣìṣe mọ́kànlá. Mo tún wọn ṣe, mo sì ní kí wọ́n tẹ ọgọ́rùn-ún péré.