Ọmọ Tí Kò Tíì Wáyé Ni Wọ́n Fi Ń Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ ti sọ di orin, tí wọ́n ń dá a ní Kútọnu, tí wọ́n ń gbè é ní Ṣábẹ, tí ó sì ti dé etí àwọn ọ̀dọ́bìnrin etí odò Okpara kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí wọn tán: pé obìnrin tí ó ṣì ń bímọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ènìyàn lè gbára lé. Bí ọ̀dọ́bìnrin bá jókòó níwájú ọ̀gá tí ń wá akọ̀wé, kì í pẹ́ kí ìbéèrè tó kúrò lórí ìwé tí ó kà, kí ó bọ́ sí yàrá òun àti ọkọ rẹ̀: ọmọ mélòó ni ó ti bí, ìgbà wo ni ó sì fẹ́ bí òmíràn? Ọkùnrin tí ó wọlé tẹ̀lé e, bí oyún aya rẹ̀ tilẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án nílé, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ọmọ.

Kì í ṣe oyún ni wọ́n fi ń fìyà jẹ obìnrin náà, nítorí oyún kò sí nínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọmọ, nítorí ọmọ kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì wáyé ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́jọ, tí ó ti gbààwẹ̀ títí ara rẹ̀ fi joro, tí ó ti mu àgbo ìkòkò kan tán tí ó bọ́ sí òmíràn, ìyà kan náà ni wọ́n fi jẹ òun àti ìyá ìbejì. Ohun tí Ọlọ́run kò tíì fún un, ọ̀gá ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsì tí ó máa ń yá wọn lẹ́nu ni pé owó ni. Kí wọ́n gbé ìṣirò náà síta. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1998, fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, 6 ṣáájú ìbímọ, 8 lẹ́yìn rẹ̀; CNSS, àjọ ìjọba tí ń gba owó ìdáàbòbò àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ń san ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àkókò náà, agbanisíṣẹ́ ń san ìdajì yòókù. Obìnrin tí ó bá ṣiṣẹ́ fún 30 ọdún, tí ó sì bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 42 ni gbogbo rẹ̀, kò pé ọdún kan. Nítorí ohun tí kò pé ọdún kan ni wọ́n ṣe ń sọ ọdún 29 nù!

Wọ́n á tún ní òfin ti dáàbò bo aboyún, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òfin 2017-05, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017, gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa tún àdéhùn iṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ṣe láìlópin, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi lé ẹnikẹ́ni mọ́: yóò dúró kí àdéhùn parí, yóò sì pa ẹnu mọ́. Ẹnu tí ó fi kí obìnrin náà pé ẹ kú ewu ọmọ ni ó fi ń sọ fún un pé iṣẹ́ tán. Àdéhùn yìí kò sì mọ obìnrin nìkan. Àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ń ti oṣù mẹ́fà bọ́ sí oṣù mẹ́fà, tí wọn kò lè dá ilé sílẹ̀, tí wọn kò lè gbé ìyàwó, tí wọn kò sì lè la ẹnu béèrè ẹ̀tọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n dì mú ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Wọ́n ní kí iṣẹ́ lè pọ̀ ni àwọn ṣe ṣòfin; iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn, èrè wo ni ó wà nínú pípọ̀ rẹ̀? Síbẹ̀, ohun tí ó ń ta ọkùnrin ní ẹ̀gún ń gún obìnrin ní ọ̀bẹ, nítorí òun ni wọ́n ń wo ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni. Ní òdìkejì odò Okpara, ìlànà 127 ti àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ni wọ́n fi lé obìnrin ọlọ́pàá kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkìtì ní ọdún 2021, nítorí ó lóyún láìtíì lọ́kọ; ìlànà náà kò sọ ohun kan nípa ọlọ́pàá ọkùnrin tí ó bá fún obìnrin lóyún. Àṣìṣe tí ó kárí ayé, àṣìṣe náà ni.

Àtúnṣe kò sì jìnnà. Àdéhùn 183 tí àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ní ọdún 2000, tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2012, kọ̀ kí wọ́n máa yẹ ikùn ẹni tí ń wá iṣẹ́ wò, ó sì fẹ́ kí owó ìsinmi ìbímọ máa ti inú àpò gbogbo ènìyàn wá, kí ó má wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́ nìkan. Àwọn tí ó kọ ọ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀: ìdajì owó tí ọ̀gá ń san ni ó ń jẹ́ kí ó máa fi ojú ọ̀tá wo obìnrin. Kí CNSS san gbogbo rẹ̀, láti inú owó tí gbogbo òṣìṣẹ́ àti gbogbo agbanisíṣẹ́ ń dá, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n gbà tàbí obìnrin. Kí òfin sì fi òpin sí àdéhùn onígbà-díẹ̀ tí wọ́n ń tún ṣe láìlópin náà. Ojú mẹ́rin ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó; kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọrùn kan ni ó ń ru gbèsè rẹ̀?

Ọ̀gá tí ń bẹ̀rù ọmọ yóò darúgbó lọ́jọ́ kan, yóò sì nawọ́ sí CNSS fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ara owó tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bá ń dá ni wọn yóò ti fún un. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tí kò tíì wáyé, tí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lónìí, òun ni yóò bọ́ wọn.

Ọmọ Okpara, Ṣábẹ