Ẹ yéé fi hẹ́kítà nìkan tàn wá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi igbó yangàn, hẹ́kítà ni wọ́n máa ń kà fún wa. "Hẹ́kítà báyìí la dá sí." Ó dáa. Báwo ló ṣe rí? Ṣé ó ṣù jọ ni, àbí ó na gbọọrọ bí ìgbànú? Wọn ò ní dáhùn.

Ẹ mú bírò. Igbó kan jẹ́ kìlómítà 1 níbùú, kìlómítà 1 lóòró. 100 hẹ́kítà nìyẹn, gígùn etí rẹ̀ yíká jẹ́ kìlómítà 4. Òmíràn jẹ́ mítà 200 níbùú, kìlómítà 5 lóòró. 100 hẹ́kítà lòun náà! Ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ jẹ́ kìlómítà 10.4.

Kí ló kàn wá nínú etí? Etí ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni iná oko ti ń ràn wọ igbó, ibẹ̀ náà sì ni ọdẹ àti agégi ń gbà. Ní Brazil, nítòsí Manaus, Thomas Lovejoy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lọ́dún 1979 lórí àjákù igbó oní-hẹ́kítà 1, 10 àti 100. Àwọn igi ńláńlá tó wà létí ń kú ju tàárín lọ. Ẹnikẹ́ni ò fi àáké kàn wọ́n o.

Ká tiẹ̀ sọ pé mítà 100 péré ni wàhálà etí ń wọ inú. Igbó àkọ́kọ́ ṣẹ́ ku hẹ́kítà 64 tó jẹ́ ojúlówó àárín igbó. Ti ìkejì ńkọ́? Òdo. Ẹyẹ tí kì í gbé etí igbó ò ríbi sùn níbẹ̀, àmọ́ lórí ìwé, "100 hẹ́kítà".

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ọ̀nà. "Ọ̀nà oní-mítà 10 lásán la fẹ́ là gba àárín rẹ̀ kọjá, hẹ́kítà 1 péré ló máa lọ." Irọ́ kọ́, hẹ́kítà 1 ni lóòótọ́. Ẹ wá tún ìṣirò yẹn ṣe lórí igbó àkọ́kọ́: ọ̀nà náà ti dá etí tuntun méjì sílẹ̀. Àárín tó jẹ́ 64 ti di 47.2. Ohun tó lé ní hẹ́kítà 16 ti bọ́, wọ́n sì ń kọ 1 síwèé! Ẹ wo igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà. Oko kòkó àtàwọn agégi ti wọ inú rẹ̀. Ṣé hẹ́kítà orí ìwé ló máa sọ ibi tí erin lè gbé fún wa?

(Àwọn kan á ní ká kàn fi hẹ́kítà pín gígùn etí. Rárá o. Igbó kékeré á gba máàkì burúkú níbẹ̀, kódà bí ìrísí rẹ̀ bá bá ti ńlá dọ́gba. Òbìrìkìtì tí fífẹ̀ wọn jọ bára mu ni kẹ́ ẹ fi etí rẹ̀ wé. Òbìrìkìtì á jẹ́ 1, igbó àkọ́kọ́ wa nǹkan bí 1.13, gbọọrọ yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.)

Ọ̀fẹ́ ni àwòrán sátẹ́láìtì Landsat láti 2008, nítorí náà kò sí àwáwí. Tẹ́ ẹ bá tún gbé ìwé igbó jáde, ẹ kọ gígùn etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́kítà, ẹ kọ iye tó ṣẹ́ kù láàárín, kẹ́ ẹ sì fi máàpù rẹ̀ mọ́ ọn.