"Ó Dára" Kò Tó

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ó yí wa ká, fọ́tò ni a ń wò jù, òun náà sì ni a kì í bá sọ òtítọ́. Bí ahunṣọ bá hun aṣọ tí etí rẹ̀ kò gún, ẹni tí ó ni owó yóò fọhùn. Bí onílù bá ṣi oríkì lù, àgbàlagbà kan yóò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí onífọ́tò bá gbé àwòrán ojú ènìyàn jáde, "ó dára" ni a ó wí, a ó sì kọjá lọ. Bí inú bá ń bí wa, a ó ní "kò dára". Èrò tèmi ni pé gbólóhùn méjèèjì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́; ẹni tí ó dúró lẹ́yìn tí kò sọ fún un ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí á fi Àgọ́-Àmọ́dù ṣe àpẹẹrẹ, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ní Òkè-Ògùn. Ìlú inú ọ̀dàn ni. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ a máa dúró gangan lórí ènìyàn, òjìji a sì bo ihò ojú. Ìyá àgbà kan jókòó fún fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó wọ sányán tí a hun ní Ìṣẹ́yìn; àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Onífọ́tò yà á ní agogo méjìlá ọ̀sán, ojú kò sì hàn. Dípò kí ó tún un yà, ó gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú títí ojú fi pupa ju ọwọ́ lọ. Ó pa ìhunjọ awọ rẹ́, àbàjà sì bá a lọ. Ó fi kún agbára àwọ̀, sányán sì pọ́n débi tí ẹni tí kò mọ aṣọ yóò fi pè é ní àlàárì. Àwọn ọmọ gbà á, wọ́n ní, "Ó dára! Màmá ti di ọ̀dọ́!" Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí mo ti rí kò lóǹkà. Òun ni yóò wà lára ògiri, òun náà ni wọn yóò lẹ̀ káàkiri ìlú lọ́jọ́ tí ìyá bá sùn.

Ta ni ó wà nínú àwòrán náà? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kò gbà kí a kọ ilà sí ara ọmọ mọ́, n kò sì bá òfin náà jà. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀, àwọn àgbà tí ó ń bẹ nílẹ̀ lónìí wà lára àwọn tí ó kẹ́yìn tí àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ yóò hàn ní ojú wọn. Bí wọ́n bá lọ tán, fọ́tò ni ó kù. Ọmọ-ọmọ tí yóò béèrè irú ilà tí ìyá rẹ̀ àgbà kọ yóò bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ń dán bí àwo. Ẹni tí ó rí i tí ó ní "ó dára" ti bá wọn fi ọwọ́ sí i.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé àwọn baba wa pàápàá kì í gbẹ́ ojú bí ó ti rí gẹ́lẹ́. Òtítọ́ ni. Agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ìbejì tí ó kú ní ìkókó bí àgbàlagbà tí ó ti pé. Síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń fín ilà ìdílé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà. Onífọ́tò náà jogún ọgbọ́n yìí. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ó lè rí bí ìgbà tí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Títún àwòrán ṣe ni èyí, kò sì sí ẹni tí a tàn jẹ. Ó dá ẹni tí ó lọ padà sí àárín ẹbí. Tiwa ń mú ẹni tí ó jókòó síwájú wa kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń bá jà.

Àwọn mìíràn ní lámèyítọ́ jẹ́ àṣà òyìnbó, pé ọmọlúàbí kì í tú iṣẹ́ oníṣẹ́ wò. Irọ́ ni. Robert Farris Thompson, tí òun náà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bi àwọn ará ìlú Yorùbá léèrè ní àwọn ọdún 1960 nípa ohun tí ó ń mú ère dára. Nínú ohun tí ó tẹ̀ jáde ní 1973, ọ̀rọ̀ tiwa ni ó kún ibẹ̀: jíjọra, kí ère jọ ènìyàn láìjọ ọ́ jù, ìfarahàn, kí ẹ̀yà ara hàn kedere, gígún, dídán, àti ọ̀dọ́, kí a fi ènìyàn hàn ní ìgbà tí agbára rẹ̀ pé. Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ó dára" lásán níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibi kan lára iṣẹ́. Ọ̀dọ́ pàápàá, tí àwọn alátakò mi fẹ́ fi gbá mi mú, kò dá dúró. Jíjọra ń ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n n kò gbè sẹ́yìn àwọn tí ó ń bú ènìyàn tí wọ́n ń pè é ní òtítọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó sọ fún onífọ́tò pé "o kò mọ iṣẹ́" kò tíì sọ nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí àwòrán ìyá yẹn, n ó ní: "Ìjókòó yìí níyì, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún bá ọjọ́ orí wọn mu. Òjìji bo ojú nítorí pé ọ̀sán gangan ni; gbé àga sábẹ́ ìloro, tàbí kí o dúró di ìrọ̀lẹ́. Wo ọrùn àti ọwọ́ wọn, kí o sì dá awọ ojú padà sí bí wọ́n ṣe rí. Dá ilà padà. Béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ bí sányán ṣe rí." Mo ti sọ ibi tí ó dára, mo ti sọ ibi tí ó kù, ohun tí ó fà á, àti ọ̀nà àtúnṣe. Mo tún ti ya àṣìṣe tí kámẹ́rà ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ọwọ́ ṣe lẹ́yìn náà, nítorí àtúnṣe wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ̀yin onífọ́tò, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn tiyín náà. Ẹ yé sọ pé, "Oníbàárà ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n aránṣọ tí a ní kí ó gé aṣọ kúrú jù a máa sọ tẹnu rẹ̀ kí ó tó mú àlùmọ́gàjí. Bí ẹnìkan bá sì tọ́ka sí àbùkù, ẹ má ṣe wá ọ̀tá níbẹ̀, ẹ bi í pé, "Níbo?" Bí kò bá rí ibì kan tọ́ka sí, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Bí ó bá rí i, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àríwísí kì í yí nǹkan padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fíìmù Kodak, tí wọ́n ń pè ní Shirley, obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí rẹ̀; awọ dúdú a sì máa sọ nù sínú òkùnkùn. Lára àwọn tí ẹjọ́ wọn jẹ́ kí iléeṣẹ́ náà tún fíìmù rẹ̀ ṣe ni àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ṣe àga, tí wọ́n ní àwọ̀ ọjà àwọn kò yàtọ̀ síra nínú àwòrán. Àga rí ẹni gbà á sílẹ̀ kí ojú wa tó rí! Ní 2021, nígbà tí Google gbé ètò Real Tone jáde nínú fóònù rẹ̀, àwọn onífọ́tò tí wọ́n mọ awọ dúdú í yà ni ó fún un ní ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó sọ ohun tí ó ń dùn ún ní pàtó ni ayé ń gbọ́.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni àwa ń lò fún onífọ́tò, ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi dàgbà. Nígbà mìíràn tí a bá gbé àwòrán ìyá yín wá fún yín, kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò.