Ọ̀pá Eléko, dísìkì kọ̀ǹpútà àti ìwé ìdílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lọ́dún 1920, nígbà tí Olóyè Àmódù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, Herbert Macaulay tó bá a lọ mú ọ̀pá Ọba Èṣùgbàyí Eléko dání. Ọba wà ní Ìgà Ìdúngànrán, n'Ísàlẹ̀ Èkó. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí ọ̀pá náà, bí ẹni rí ọba ni. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ lọ́hùn-ún bí ìjọba amúnisìn nínú, orí ọba tó wà nílé ló sì já lé. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúwa jàre ẹjọ́ rẹ̀ ní 1921.

Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì kan gbogbo ìdílé tó ti kó ìwé ilẹ̀ àti àwòrán àwọn bàbá wọn sínú dísìkì.

Linux ni ètò tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń fi jí ẹ̀rọ tó ti kú, ìbáà jẹ́ ti Windows. Nínú rẹ̀, dráífà, ètò kékeré tó gbọ́ èdè dísìkì, ni ìránṣẹ́ àárín. Bí ó bá ti rí dísìkì tàbí fláàṣì, kọ̀ǹpútà á gbé fáìlì kan síta gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá: /dev/sda fún èyí tó kọ́kọ́ rí, /dev/sdb fún èyí tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà méjì péré ni fáìlì náà gbé: 8 àti 0 fún sda, 8 àti 16 fún sdb. Ti àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí dráífà, èkejì sí dísìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sí i, ara dísìkì gan-an ló ń bà.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wo ilé. Bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ló ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ, ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún tàn án, Táíwò àná lè di Kẹ́hìndé òní. Ọmọ tó fẹ́ nu fláàṣì òfìfo lè nu ìwé ìdílé, nítorí ẹni tó bá ti gba àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ kì í bi í léèrè mọ́.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kí ló kan àgbà? Ó kàn án, nítorí kì í ṣe ọmọ náà ló ni ilẹ̀. Kí àgbà ní kí wọ́n yọ dísìkì ìdílé kúrò lára ẹ̀rọ ná. Bí kò bá ṣeé yọ, kí ọmọ náà ka bí dísìkì ṣe tóbi tó àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sókè. Nọ́ńbà yìí, tó wà nínú /dev/disk/by-id, dà bí oríkì, kì í tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ dé. Kí ẹ̀dà mìíràn sì wà níbòmíràn.

Ọ̀pá kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi ọ̀pá ṣe, ọba ni yóò jẹ̀bi rẹ̀.