Àgbà Tí Kò Sí Lọ́jà

Ní Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà fún wákàtí mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó búra fún ààrẹ tuntun ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ti jókòó sábẹ́ irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ rí. Aṣọ ẹbí oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, torí pé àwọn ará Èkó yan tiwọn lọ́tọ̀. Atọ́kùn ètò ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àṣà wa kò gbọdọ̀ kú. Olórí àlejò pẹ́ dé, ààrẹ tuntun pẹ́ jù ú lọ, nígbà tí yóò sì fi dìde sọ̀rọ̀, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, gbohùngbohùn ti dákẹ́. Ohun tí àwa tá a wà níwájú gbọ́ ni pé òun yóò kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, òun yóò gbé àṣà ìlú lárugẹ, òun yóò sì dá ọjọ́ ìlú padà sí bó ṣe rí láyé àwọn baba wa. Kí aago márùn-ún tó lù, mọ́tò rẹ̀ ti dorí kọ ọ̀nà Èkó. A kò tún fojú kàn án títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò gùn. Ẹni tí kì í sùn nílùú kò yẹ ní ààrẹ ẹgbẹ́ ìlú. Kí ó jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀, kí ó dá owó, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri tó bá fowó mọ, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n àga ààrẹ, kí ó fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé inú yóò bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí mi, títí kan àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí wọ́n ń du àga náà lọ́wọ́ báyìí.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó rí aburú tó dákẹ́ la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Àmọ́ ẹ tún un gbọ́ dáadáa: wọ́n ní àgbà tó wà lọ́jà ni. Òwe náà kò sọ ohunkóhun nípa àgbà tó wà ní Lẹ́kí, tí wọ́n ya fọ́tò orí ọmọ náà ránṣẹ́ sí lórí fóònù, tó sì fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta pé kí wọ́n bá òun ra fìlà tó dára fún un.

Àwọn tó máa takò mí yóò kọ́kọ́ fa ìtàn yọ. Wọ́n á ní ṣé kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945? Nínú wọn, ta ló ń sùn nílé nígbà náà? Òótọ́ ni. Àmọ́ wọn kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Awólọ́wọ̀ kó ẹrù rẹ̀ wálé, ó jókòó sí Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, òun sì ni akọ̀wé àgbà nígbà tí wọ́n ṣí ẹgbẹ́ náà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ bá wọn parí ìtàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láti ara ẹgbẹ́ yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti yọ, tí wọ́n sì ṣí i ní Ọ̀wọ̀ ní 1951. Mi ò bú wọn. Àsìkò wọn ló pè é. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí i pé ẹgbẹ́ àṣà lè jẹ́ àkàbà, àkàbà náà ni wọ́n sì ń gùn títí di òní. Lónìí, wọ́n á jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ ìlú. Lọ́túnla, wọ́n á jẹ oyè. Nígbà tó bá fi máa di ọdún ìbò, fọ́tò wọn ti wà lára òpó iná.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ ìlú lè ṣe, ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ fún ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní 1934. Ní Ọ̀fà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Offa Descendants Union ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Mo mọ̀ pé owó àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi wọ inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìwúyè dá dúró. Owó oṣù tíṣà ń bẹ, páànù tí atẹ́gùn ká ń bẹ, òbí tí kò rí owó ilé-ìwé san ń bẹ, ẹni tí yóò sì dá wọn lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni ẹ̀rí tó tà yọ jù lójú mi. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ níbẹ̀ ní 1946 kò ní olówó tó ń ti ọ̀nà jíjìn darí rẹ̀. Aya ọ̀gá ilé-ìwé ni òun, àwọn tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ alátẹ, aláró, ìyá oníṣu. Ohun tó ti ṣáájú ẹgbẹ́ náà ni kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin dé góńgó, àwọn ìyá wọ̀nyẹn tú dà síwájú ààfin ní Aké, wọ́n jókòó, wọ́n ń kọrin, wọ́n kọ̀ wọn ò lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni rò nípa ìjà yẹn, ẹ bi ara yín: ta ló lè jókòó síwájú ààfin bí kò ṣe ẹni tí ẹní rẹ̀ wà nítòsí? Kò sí ẹni tó lè ti ọ̀nà jíjìn jókòó síbẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwọn ọmọ bíbí. Òróòro ni ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ìlú ń di lẹ́nu wa. A máa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ́jú ogún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá tó nípọn jù lọ, ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i. Àmọ́ ó gbé Ìbàdàn, ó gbé Ọ̀yọ́, ó ń ṣe pásítọ̀ níbẹ̀, ó sì gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arókin. Ó parí ìwé náà ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òyìnbó, ó sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún un kọ títí tó fi jáde ní 1921. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀ ń kà nípa Aláàfin, ohun tó gbà á là ni pé ẹnìkan kò ju bébà àkọ́kọ́ nù.

Ẹ wá wo Ọ̀ṣogbo. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló bá wọn dá àwọn agégẹdú àti àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ dúró kí wọ́n má jẹ igbó Ọ̀ṣun run. Kò ṣe é láti ilé rẹ̀ ní Yúróòpù. Ọ̀ṣogbo ló gbé, ibẹ̀ ló kú sí ní 2009. Àwọn tó bá a mọ àwọn ère inú igbó náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Adébísí Àkànjí, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Bíríkìlà, káfíńtà, àti obìnrin àlejò kan tó kọ̀ láti padà sílé, àwọn ló ṣe iṣẹ́ tí UNESCO wá fi orúkọ sí ní 2005. Tí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí kan bá ní kí àwọn ènìyàn yìí wá jẹ ààrẹ, wọ́n á ní aṣọ wọn kò bá ipò mu.

Èkó ńkọ́, níbi tí gbogbo àwọn ààrẹ wa ń gbé? Ilojo Bar wà ní ìta Tinúbú, ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ ní 1855, tó rẹwà bí ìyàwó òṣìngín. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ogún orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà, orúkọ wà nínú ìwé, ẹgbẹ́ àṣà pọ̀ ní Èkó bí ìràwọ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn yóò fi gbọ́, eruku ti bo títì. Àwọn ẹgbẹ́ náà kọ lẹ́tà lẹ́yìn náà, lẹ́tà tó dùn ún kà.

Mo padà sí ìlú wa. Lẹ́yìn ìwúyè yẹn, mo lọ bá akọ̀wé tuntun pé mo fẹ́ wo ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ẹgbẹ́ wà nínú fóònù ààrẹ àná, tí ìwé ìpàdé sì wà nílé akọ̀wé tó kú, ìyàwó rẹ̀ ti tì í mọ́nú àpótí. Mo lọ kí màmá náà. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n fi àpótí pákó kan hàn mí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlá ni bàbá àwọn ọmọ mi fi kọ ọ́. Owó bébà, owó báírò, owó ọkọ̀, kò sẹ́ni tó san án. Nígbà tí wọ́n kú, ẹgbẹ́ gbé òdòdó wá." Wọ́n ṣí i fún mi. Nínú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo agboolé ìlú wà pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ náà, ẹjọ́ ilẹ̀ mẹ́ta tí ẹgbẹ́ parí, àti orúkọ àwọn tó dá ṣílè méjì-méjì láti la ọ̀nà oko. Wọ́n ti fi kánfọ̀ sáàárín ìwé kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ààrẹ wa kò mọ̀ pé àpótí kan wà. Mi ò bínú sí i. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ilé màmá náà kò ju ìjù òkò kan lọ sí ọjà, kò sì sí ọjọ́ ọjà kan tí wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí òun yóò fi dé ní ìparí ọdún, ìrẹsì ló kó wá fún àwọn arúgbó, àpò mẹ́wàá, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá fún wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo dúró lórí ìlà. Wọ́n ní tèmi ga díẹ̀, wọ́n ní kí n tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibo ni kí n wá? Wọ́n ti lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní, bí ará ilé bá gba ẹgbẹ́, wọ́n á kó owó jẹ. Ó ṣeé ṣe. Mo ti rí i rí. Ṣùgbọ́n olè tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, mo mọ ìgbà tó kun ilé rẹ̀, mo mọ owó tó ń wọlé fún un, mo sì lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti olówó ìdálẹ̀, ta ni yóò bi í léèrè? Bí wọ́n bá bi í, yóò ní owó òun ni òun ń ná. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí á lè bèèrè, torí ọpẹ́ la fi ń gba ohun tó yẹ ká fi ẹ̀tọ́ gbà. Wọ́n tún ní ará ilé kò mọ ènìyàn ní ìjọba. Ìyẹn náà rọrùn: kí ẹni tó mọ̀ wọ́n ní Abùjá jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ ní Abùjá, kí ó máa gba iṣẹ́ tí ìlú bá rán an, kí ó sì máa padà wá jíṣẹ́.

Ìbò wa tó kàn yóò wáyé lẹ́yìn ọdún Iléyá. Mo ti sọ fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ pé orúkọ màmá tó ni àpótí ni èmi yóò dá. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní ṣé màmá náà lè sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì níwájú àlejò. Mo lọ bá màmá fúnra wọn lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń ṣa eégbọn kúrò lára ewúrẹ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wá san owó báírò ná.