Kí ló ń lé obìnrin kúrò nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, òbí tó ń rán ọmọbìnrin lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọjọ́ lójú ọ̀nà yìí kan náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gbàwé ẹ̀rí tán, tó ríṣẹ́, tó lọ́kọ, tó sì bímọ, iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ní kó fi sílẹ̀.

Àwọn kan á ní orí obìnrin kò gba kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Irọ́ gbáà! Ní Amẹ́ríkà, obìnrin mẹ́fà ló ṣètò iṣẹ́ fún ENIAC, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi han aráyé ní 1946. Nílé níbí, Abisoye Ajayi-Akinfolarin fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ní 2012 kó lè gbájú mọ́ kíkọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ yìí. Ó kọ́ àwọn ọmọ Makoko, níbi tí àwọn Ègùn láti Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin pọ̀ sí. Ní 2018, CNN kà á mọ́ akọni mẹ́wàá àgbáyé.

Bí kì í bá ṣe orí, ọ̀nà ńkọ́? Láti Àgbádárìgì dé Mile 2 ju 40 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ Yábà, Ìkẹjà àti Victoria Island ni irú ilé iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ sí. Láti 2009 nìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà náà ṣe. Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, Marina sí Mile 2 ló mọ. Obìnrin tó fẹ́ débi iṣẹ́ láago mẹ́jọ yóò jáde kí àkùkọ tó kọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á tún máa dúró dè é nírọ̀lẹ́. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò dáná? Ọkọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà kì í sábà gbọ́ ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ náà kì í sì í dúró de èèyàn: ẹni tó bá fi ọdún méjì tọ́mọ, tó bá padà dé, yóò rí i pé ohun tí òun mọ̀ ti ń gbó.

Stephanie Shirley rí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú ọba. Ní 1962, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó fiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nítorí ọmọ, kí wọ́n máa ṣe é látilé. Nínú 300 òṣìṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, 297 ni obìnrin. Wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìnàjò bàálù Concorde. (Síbẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tó rí èsì, "Steve", orúkọ ọkùnrin, ló ń fọwọ́ sí i.)

Àrùn Kòrónà ọdún 2020 fi hàn pé Èkó náà lè ṣiṣẹ́ látilé. Àmọ́ iṣẹ́ ilé ń fẹ́ iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì lè jẹ èrè rẹ̀ tán. Lọ́pọ̀ ilé, ìyá àgbà tó gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Nílé tí kò bá ti sí irú ìyá bẹ́ẹ̀, bí ọ̀gá bá ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ padà sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́, obìnrin tó ń gbé Àgbádárìgì ni yóò kọ́kọ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.